Shiki: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Àwọn Òkú Tó Ń Jí ní Abúlé Sotoba

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jù nípa Shiki, ánímè kan (eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáàn), ni mo kó jọ síbí. Ẹni tí kò tíì wò ó lè ka ìdajì àkọ́kọ́ láìbẹ̀rù. Tí a bá ti fẹ́ máa sọ àṣírí ìtàn, màá kéde, kí ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró.

Kí ni Shiki?

Ánímè ẹlẹ́rù láti ilẹ̀ Jàpáàn ni. Abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Sotoba ni ìtàn náà dá lé. Òkè ló yí abúlé yìí ká, àwọn ará ibẹ̀ kò ju bí 1,300 lọ, wọ́n sì mọ ara wọn tẹrú tọmọ. Nínú ọdún kan láàrin àwọn ọdún 1990, nígbà tí ooru mú gan-an, wọ́n rí àgbàlagbà mẹ́ta tó kú sínú ilé ní Yamairi, ìgbèríko kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro lókè abúlé. Láàrin ìgbà náà, ìdílé kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí kó dé lóru, wọ́n wọ ilé ńlá tó wà lórí òkè. Kirishiki ni orúkọ ìdílé náà. Láti ìgbà náà lọ, ikú kò kúrò nílẹ̀ mọ́: lónìí arúgbó, lọ́la ọ̀dọ́, lọ́túnla ìyá ọmọ. Ó máa ń rẹ aláìsàn, ojú rẹ̀ á funfun, kò ní lè sọ ohun tó ń ṣe é, láàrin ọjọ́ mélòó kan ó ti lọ.

Àwọn tó kú ń jí, wọ́n sì ń padà wá sílé. Èyí kì í ṣe àṣírí, nítorí àwòrán tí wọ́n fi polówó eré náà gan-an ti sọ ọ́. Ohun tí ìtàn náà fi pamọ́ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ta ló kọ ọ́?

Ìwé ìtàn ló kọ́kọ́ jẹ́. Fuyumi Ono ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1998, ìwé ńlá méjì tó ki. Obìnrin yìí kan náà ló kọ The Twelve Kingdoms, tí àwọn tó ti ń wo ánímè tipẹ́ mọ̀ dáadáa. Yunifásítì Otani ní ìlú Kyoto ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ nípa ẹ̀sìn náà. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ya ẹnu pé àlùfáà inú ìtàn rẹ̀ ń ronú bí àlùfáà tòótọ́, tàbí pé ètò ìsìnkú inú rẹ̀ kún rẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ryu Fujisaki ló sọ ìwé náà di mángà, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán, láti 2007 títí di 2011, ìdìpọ̀ 11. Ilé iṣẹ́ Daume ló ṣe ánímè, Tetsuro Amino sì ni olùdarí. Ó jáde lórí Fuji TV láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá 2010, ní Noitamina, ètò alẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n náà yà sọ́tọ̀ fún ánímè àwọn àgbà.

Apá mélòó ni?

22 ló jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Méjì mìíràn wà tí wọ́n fi kún DVD, 20.5 àti 21.5 ni wọ́n pè wọ́n. Ìtàn parí pátápátá níbẹ̀. Kò sí pé ẹ ń retí apá tó kù.

Ṣé dandan ni kí n ka ìwé tàbí mángà kí n tó wò ó?

Rárá. Ẹ wo ánímè ná.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú abúlé? Ṣé kò lè ṣẹlẹ̀ nílùú ńlá?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò lè ṣẹlẹ̀ níbòmíràn lóòótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Sotoba. Igi tó pọ̀ lórí òkè wọn, tó rí bíi páìnì, ni wọ́n fi dá abúlé náà sílẹ̀. Wọ́n ń fi ṣe pósí, wọ́n sì ń fi ṣe pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń nà ró lẹ́yìn ibojì. Sotoba ni pátákó náà ń jẹ́, orúkọ rẹ̀ ni abúlé ń jẹ́. Látìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ lára ikú àwọn ẹlòmíràn.

Èkejì ni ìsìnkú. Ní Jàpáàn òde òní, nínú 100 òkú, ó lé ní 99 tí wọ́n ń sun níná, tí wọ́n á kó egungun rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibojì ìdílé. Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Sísin òkú sínú ilẹ̀ wọ́pọ̀ láyé àtijọ́, kódà ní 1873 ìjọba ìgbà náà fòfin de sísun òkú, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1875. Bí ìlú ṣe ń dàgbà ni iná ń borí, títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí òkú gbà mọ́. Ní Sotoba inú ìtàn, wọn kò yí padà. Òkú ṣì ń wọ pósí, pósí ṣì ń wọlẹ̀, àwọn aládùúgbò ló sì ń gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tí iná ti jó kò lè dìde. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ tẹ́ sínú pósí, tí gbogbo ara rẹ̀ pé, òun ló lè ta pósí lẹ́sẹ̀ láti inú wá.

Ìdí tí ìdílé Kirishiki fi yan abúlé yìí nìyẹn. Wọ́n ń wá ibi tí wọn kò ti ń sun òkú, tó jìnnà sí ìlú, tí àwọn ará ibẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde síta. Wọ́n rí i.

Báwo ni àwọn òkú yìí ṣe rí? Kí ni òfin wọn?

Wọ́n rántí ohun gbogbo. Ẹni tó jí mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ gbèsè tó jẹ kí ó tó kú. Ìyẹn ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn òkú tó ń rìn tàgétàgé kiri nínú sinimá, tí wọ́n kàn ń jẹran èèyàn. Òkú Sotoba máa ń tijú. Ó máa ń sunkún. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, tí kò bá rí i, ebi á pa á.

Ọkàn wọn kì í lù, wọn kì í mí. Bí oòrùn bá ti yọ, oorun gbé wọn lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè jí wọn, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sì ń jó ara wọn bí iná. Ọgbẹ́ wọn máa ń tètè jinná. Ẹni tó bá fẹ́ pa wọ́n gbọ́dọ̀ gún wọn ní ọkàn, tàbí kí ó fọ́ orí wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù ojúbọ àti ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Tí wọ́n bá ti bu ẹnì kan jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè pàṣẹ fún un: má sọ fún ẹnikẹ́ni, lọ fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, ṣí fèrèsé dè mí lọ́la. Yóò sì ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kú ló ń jí. Díẹ̀ ni. Òfin yìí kan náà ló ṣẹ̀dá ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Nao, ọmọ tí àwọn òbí tó bí i kò ṣe dáadáa sí, tó wá rí ìdílé gidi lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó jí, àwọn tó fẹ́ràn jù lọ láyé ló lọ bá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ọkọ, bàbá ọkọ, ọkọ, ọmọ, kí gbogbo wọn lè jọ jí, kí wọ́n sì tún máa gbé pọ̀. Kò sí èyí tó jí nínú wọn.

Òfin tó kù ni pé wọn kò lè wọ ilé ẹni tí kò bá pè wọ́n wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ta wá ni àwọn tí wọ́n ń pè ní jinrou?

Àwọn díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n bu jẹ, tí ara wọn gbà á lọ́nà mìíràn. Wọ́n lè rìn lójú oòrùn, wọ́n lè jẹ oúnjẹ, agbára wọn sì ju ti àwọn yòókù lọ. Tatsumi, tó ń bá ìdílé Kirishiki ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni. Òun ló ń jáde lọ́sàn-án tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń sùn.

Ṣé àkúdàáyà ni wọ́n, bí a ṣe ń sọ nílé wa?

Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Àkúdàáyà tí a ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ máa ń sá jìnnà sí ilé ni. Ó kú síbì kan, wọ́n tún rí i níbi tó jìnnà, ó ti níyàwó, ó ń tajà lọ́jà, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án ló máa ń pòórá. Òkú Sotoba ò sá fún ará ilé. Ilé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé e lọ, ará ilé náà ló sì kọ́kọ́ ń pa.

Àmọ́ èrò tó wà nísàlẹ̀ wọn jọra: pé ẹni tó kú kò tíì fẹ́ lọ. Bóyá ìdí nìyí tí Shiki fi máa ń wọ ẹni tó gbọ́ ìtàn àkúdàáyà láti kékeré lára ju ìtàn àwọn amùjẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Àwọn àgbà Sotoba pàápàá ní orúkọ fún un kí Kirishiki tó dé. Okiagari ni wọ́n ń pè é, òkú tó ń dìde nínú ibojì wá da abúlé láàmú, wọ́n sì máa ń fi dẹ́rù ba ọmọdé. Ìtàn àtijọ́ yẹn ti sọ òótọ́ fún wọn, àmọ́ kò sí àgbà tó lè dúró lójú agbo kí ó sọ pé òun gbà á gbọ́.

Kí ló dé tó ń falẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo wo apá mẹ́rin, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré pa á tì. Èèyàn ti kú nínú àwọn apá wọ̀nyẹn, wọ́n ti sin òkú, dókítà ti ń ka àkọsílẹ̀ aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí ẹ ń retí ni kí ẹnì kan kígbe, kò sì sí ẹni tó kígbe. Ìyẹn gan-an ni ìtàn náà ń fi hàn yín.

Abúlé yìí pọ̀ lórúkọ, mo gbà. Àwọn tó hàn nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn á gbàgbé ẹni tó jẹ́ ọmọ ta. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi mọ ìyá tó ń tajà, ọlọ́tí, nọ́ọ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín, ni ikú wọn á fi dùn yín tó. Láti nǹkan bí apá kejìlá lọ, eré náà yí padà. Láti apá kejìdínlógún lọ, mi ò rò pé ẹ máa lè dìde lórí àga.

Kí ló dé tí àwọn ará abúlé kò tètè mọ̀?

Níbí ni mo ti gbà pé Ono jẹ́ òǹkọ̀wé ńlá. Ó mọ abúlé.

Àkọ́kọ́, ìgbà ooru ni, àgbàlagbà ló kọ́kọ́ kú, gbogbo èèyàn ló sì ní àlàyé. Ooru ni. Ọjọ́ orí ni. Ìbànújẹ́ ọkọ tó kú ló pa ìyàwó. Dókítà Toshio Ozaki nìkan ló ń ka iye wọn, òun náà sì kọ́kọ́ rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ni. Ó ń wá kòkòrò, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ń tán lára àwọn aláìsàn rẹ̀ tí kò mọ ibi tó ń gbà lọ.

Èkejì, àwọn Kirishiki mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, nítorí náà kò sí ọ̀gá tó máa béèrè wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wá lóru, odidi ìdílé ń kó lọ láìdágbére. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì abúlé gan-an ń ṣiṣẹ́ lóru, àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe alààyè mọ́, ikú tí dókítà sì ti fọwọ́ sí kò sí nínú ìwé ìjọba. Kò sí àkọsílẹ̀, nítorí náà kò sí àjàkálẹ̀ àrùn. Lójú tèmi, ìran ọ́fíìsì tí iná ń tàn nínú rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru dẹ́rù bani ju gbogbo ibi tí wọ́n ti ń bu èèyàn jẹ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìpè tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní abúlé, ta ni kì í ṣílẹ̀kùn fún aládùúgbò? Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, wọlé ni wọ́n ń sọ fún un. Ẹni tó sì mọ̀ pé ọ̀dọ́ tó dúró lójú fèrèsé ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ òun náà ni, ó ti sunkún rẹ̀ títí, báwo ló ṣe máa lé e? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ilé kan ni ìdílé Kirishiki ní lórí òkè. Àwọn ará Sotoba ló ṣí àwọn ilé tó kù fún wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹnì kan pariwo o. Obìnrin tó ń jẹ́ Ikumi, tí wọ́n ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀, kó èrò lẹ́yìn lọ sí ẹnu ọ̀nà Kirishiki, ó ní okiagari ni wọ́n. Seishiro, baálé ilé náà, jáde sí wọn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kò jó. Ara rẹ̀ gbóná, ọkàn rẹ̀ ń lù, nítorí èèyàn alààyè ni òun nínú ìdílé náà. Èrò bá tú ká pẹ̀lú ìtìjú. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ta ló tún fẹ́ sọ ohun tí Ikumi sọ?

Àwọn wo ló yẹ kí n fojú sí jù?

Toshio Ozaki, dókítà kan ṣoṣo tó wà lábúlé. Ó ń mu sìgá, ó ń bínú, kì í gba ìjákulẹ̀. Seishin Muroi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, àlùfáà kékeré ní tẹ́ḿpìlì, tó tún ń kọ ìwé ìtàn. Ìtàn ẹni tó pa àbúrò rẹ̀, bíi ti Kéènì àti Ébẹ́lì, ló ń kọ lọ́wọ́. Sunako Kirishiki, tó rí bí ọmọbìnrin kékeré, ti ka àwọn ìwé Seishin, ó sì máa ń wá bá a sọ̀rọ̀ lóru nínú ilé àdúrà àtijọ́ kan tó wà nínú igbó. Inú ìwé Seishin ni Sunako ti mú orúkọ náà, shiki, fún irú ara rẹ̀.

Natsuno Yuuki, ọmọdékùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá láti ìlú ńlá, tó ń ka ọjọ́ tí yóò padà. Megumi Shimizu, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó kórìíra abúlé, tó ń wọ aṣọ ìlú rìn láàrin oko, tó nífẹ̀ẹ́ Natsuno tí Natsuno kò sì wo ojú rẹ̀. Megumi ló kọ́kọ́ gun òkè lọ sí ilé ńlá náà.

Kí ló dé tí irun wọn rí báyìí?

Ọwọ́ Fujisaki nìyẹn. Bó ṣe yà wọ́n nínú mángà ni ánímè ṣe gbà á. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu lápá àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí i mọ́ tó bá di apá kẹfà.

Ṣé ọmọdé lè wò ó?

Rárá. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lápá ìparí, ohun tí àwọn èèyàn sì ń ṣe síra wọn níbẹ̀ kò yẹ lójú ọmọdé.

Orin rẹ̀ ńkọ́?

Ẹgbẹ́ BUCK-TICK ló kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, Kuchizuke, wọ́n sì tún kọ orin ìparí kejì, Gekka Reijin. Ohùn Atsushi Sakurai, akọrin wọn tó kú ní 2023, bá eré yìí mu débi pé ó ṣòro láti ronú ẹlòmíràn síbẹ̀. Orin inú eré jẹ́ iṣẹ́ Yasuharu Takanashi, ẹni tó ṣe ti Naruto Shippuden. Ẹ tẹ́tí sí ohùn àwọn obìnrin tó ń kọrin wẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí òru bá ṣú lé abúlé.

Ṣé òótọ́ ni pé Ono mú ìtàn yìí láti inú ìwé òyìnbó?

Ono kò fi pamọ́. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ̀ pé òun fi ìwé náà bọlá fún 'Salem's Lot, ìwé Stephen King tó jáde ní 1975, nípa ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn amùjẹ̀ gbà. Ẹni tó bá ka méjèèjì á rí ibi tí wọ́n ti pàdé: ilé ńlá lórí òkè, òǹkọ̀wé, dókítà, ìlú tó ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí Ono ti yà kúrò ni pé ó jẹ́ kí àwọn òkú sọ tẹnu wọn. Ó jókòó tì wọ́n nínú òkùnkùn, ó béèrè bí ó ṣe ń ṣe wọ́n.

ÀṢÍRÍ ÌTÀN BẸ̀RẸ̀ LÁTI IBÍ. Ẹni tí kò tíì wò ó tán, kó dúró.

Ṣé ohun tí Toshio ṣe fún ìyàwó rẹ̀ tọ́?

Kyoko, ìyàwó rẹ̀, kú sọ́wọ́ àwọn òkú. Toshio kò sin ín. Ó fi í pamọ́ sínú ilé ìwòsàn, ó dúró tì í, ó ń retí. Nígbà tó jí, ó ti dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Ó ń gún un lábẹ́rẹ́, ó ń da oríṣiríṣi oògùn sí i lára, ó ń gé e, ó ń wo bí ọgbẹ́ ṣe ń pa dé, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kyoko kò lè pariwo, wọ́n ti dí i lẹ́nu. Níkẹyìn ó gún un lọ́kàn. Seishin wọlé bá a níbẹ̀.

Mo ti wo ìran yìí lọ́pọ̀ ìgbà, èrò mi kò yí padà: kò tọ́, òun sì ló gba àwọn tó kù là. Láìsí ohun tó kọ sílẹ̀ lálẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ bí wọ́n ṣe ń pa òkú wọ̀nyí. Lálẹ́ yẹn náà ni òun àti Seishin yà kúrò lára wọn, wọn kò sì tún padà di ọ̀rẹ́ mọ́. Seishin kò lè gbàgbé pé ojú Kyoko là sílẹ̀.

Ta wá ni ẹni burúkú nínú ìtàn náà?

Àwọn kan ní ohun tí ìtàn ń sọ ni pé èèyàn burú ju òkú lọ. Mi ò gbà. Àwọn Kirishiki ló wá pa èèyàn nílé wọn, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn nítorí pé Sunako lẹ́wà, tó sì dá wà. Ó ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, Ikumi àti àwọn ọmọ Sotoba náà ní in.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti alẹ́ ọdún ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ṣe lábúlé. Toshio ti díbọ́n pé òun ti wà lábẹ́ agbára Chizuru, ìyá Kirishiki. Ó mú un wá sáàárín èrò, níwájú ojúbọ tó ń bẹ̀rù, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ àyà rẹ̀ bí kò bá lù. Wọ́n gún un níbẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, gbogbo abúlé mú igi ṣóńṣó àti òòlù, wọ́n ń wọlé kan bọ́ sí òmíràn lójú ọ̀sán, wọ́n ń fa àwọn tó ń sùn jáde, wọ́n ń gún wọn. Àwọn obìnrin ń tẹ́ òkú sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó láàrin òkú, wọ́n ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n dì lọ́wọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ àjùmọ̀ṣe lóko ẹnì kan. Kò sí ìkórìíra kankan nínú ohùn wọn, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń jùmọ̀ gbé òkú lọ sin láti ọdún yìí wá náà ni wọ́n ṣe jùmọ̀ pa á.

Megumi kú lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ sá lọ sí ìlú ńlá tó ti ń lálàá rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n láti ìkókó ni wọ́n fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ó ti pa èèyàn. Ó tún jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ṣé kò sí òkú tó kọ̀ láti mu ẹ̀jẹ̀?

Ritsuko wà, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ozaki. Nígbà tó jí, wọ́n gbé èèyàn sí i níwájú, wọ́n ní kí ó mu ún. Ó kọ̀. Ebi ń pa á, ó ń gbọ̀n, ó kọ̀. Tohru, ọ̀dọ́ tí wọ́n ní kó ṣọ́ ọ, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mu ún, nítorí òun ti mu, ó sì ti mọ bí ó ṣe rí lẹ́yìn náà. Tohru yìí ni ọ̀rẹ́ Natsuno. Òun ni wọ́n rán sí fèrèsé rẹ̀ ní alẹ́ lẹ́yìn alẹ́. Ó ń bu Natsuno jẹ, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, Natsuno ń wò ó. Ritsuko fi hàn án pé ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn méjèèjì jọ kú pọ̀ níbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní òkú kò ní yíyàn, Ritsuko ni mo máa ń rántí. Síbẹ̀, ikú ni yíyàn tó kù fún un, mi ò sì rí ẹni tó lè fi ìyẹn dá ẹlòmíràn lẹ́bi láìṣe pé ebi yẹn ti pa òun náà rí.

Mo gbọ́ pé ti Natsuno yàtọ̀ nínú ìwé. Ṣé lóòótọ́?

Lóòótọ́. Nínú ìwé Ono, Natsuno kú, kò jí. Ó parí síbẹ̀. Fujisaki ló jí i nínú mángà, tó sọ ọ́ di jinrou, ánímè sì tẹ̀ lé e. Ó kọ ẹ̀jẹ̀, ó ran Toshio lọ́wọ́, ó sì fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀ pẹ̀lú Tatsumi. Ìran náà dára, mo sì mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn jù. Ti inú ìwé ló dùn mí jù: ọmọ tó ń ka ọjọ́ tí yóò kúrò lábúlé, tí bàbá rẹ̀ kó gbogbo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe láti dáàbò bò ó dànù nítorí ó ní ìgbàgbọ́ asán ni, tó wá kú lásán.

Mi ò lóye ìparí rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Seishin?

Seishin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè lọ bá àwọn Kirishiki, ó sì fún Sunako ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé tó ń kọ. Ẹni tó pa àbúrò rẹ̀ nínú ìtàn náà ń wá ìdí tí òun fi pa á, Seishin sì ń wá ìdí tí òun fi ń gbé ìgbésí ayé tí abúlé ti kọ sílẹ̀ fún òun kí wọ́n tó bí i: ọmọ àlùfáà, kí ó di àlùfáà. Sunako ń ṣubú lọ nínú ilé àdúrà àtijọ́, ó ń sunkún pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Ọlọ́tí abúlé, Ookawa, fẹ́ pa á. Seishin pa Ookawa. Ó ti di jinrou nígbà náà.

Iná jó òkè àti abúlé. Toshio yè, àmọ́ abúlé tó torí rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ kun ọwọ́ ara rẹ̀ kò sí mọ́. Seishin wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú Sunako nínú àpótí. Àwọn kan rí ìyẹn bí ìfẹ́. Lójú tèmi, ìlú mìíràn ni wọ́n ń wá lọ, níbi tí àwọn èèyàn á tún ti sọ pé ẹ wọlé.

Ṣé apá 20.5 àti 21.5 ṣe pàtàkì?

Wọn kò yí ìtàn padà, ẹ lè lóye òpin láìwò wọ́n. Ẹ wò wọ́n bí ọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé lásán bá ká yín lára ju ti dókítà àti àlùfáà lọ. Ẹ wo 20.5 kí ẹ tó wo 21, kí ẹ sì wo 21.5 kí ẹ tó wo 22. Ẹ má ṣe wò wọ́n tẹ̀ lé ìparí, wọ́n á tutù lẹ́nu yín.